Ọ̀sà Kì Í Dúró De Àbújá: Àkọsílẹ̀ Ìwádìí Ọ̀bọ̀kún Kan ní Ẹ̀pẹ́

Ní 2021, àbúrò mi obìnrin rí àyè PhD nínú ìmọ̀ ẹja ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ńlá kan. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ ẹja: ìgbà wo gan-an ni ọ̀bọ̀kún inú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ máa ń ní ẹyin nínú, kí ni iyọ̀ tó ń wọ inú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe sí i, àti ṣé òjé, irin tó ń ba ara ènìyàn jẹ́, wà nínú ẹran ara rẹ̀. Ó ti gba oyè kejì tẹ́lẹ̀. Owó ìyá wa, ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ló fi san án, pẹ̀lú ohun tó rọra ń fi pamọ́ nínú àláwíì ₦19,800 tí wọ́n ń san fún un lóṣooṣù nígbà tó ń sin ilẹ̀ bàbá wa. Ti PhD yìí la rò pé yóò yàtọ̀, nítorí pé owó ìwádìí wà nídìí rẹ̀.

Èmi ni mo ń bá a ṣe ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé ìnáwó náà sì wà lọ́wọ́ mi. Inú rẹ̀ ni mo ti kó ohun tí mo ń kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi, torí bí ẹ ò bá mọ ìrìn omi náà, ẹ ò ní mọ ibi tí owó ti dà á rú. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kí àti ọ̀sà Èkó. Ọ̀sà Lẹ́kí kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, torí odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn ń da omi sínú rẹ̀. Ọ̀sà Èkó ní tirẹ̀ ń gba omi òkun wọlé láti ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ńlá ń gbà dé èbúté Èkó. Nígbà òjò, omi odò a lágbára, a ti omi iyọ̀ sẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹta, omi odò a fà, iyọ̀ a sì máa rìn wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn apẹja wa kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n. Ewéko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní odò Àgbádárìgì ní 1984 kó tó bo gbogbo ọ̀sà wa, kì í fara da iyọ̀. Bí ó bá ti ń rọ, tó ń kú, wọ́n á ní omi ti yí padà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí ọ̀bọ̀kún kò gbọ́dọ̀ pàdánù oṣù kejì. Ọdún kan ní oṣù kejì kan péré. Bí o bá pàdánù rẹ̀, ó di àmọ́dún. Gbólóhùn yìí ni Prọ́f, alábòójútó rẹ̀, sọ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.

Wàyí o, owó. Owó ìwádìí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba gbójú lé jù lọ́dọ̀ wa, láti TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ló ti ń wá. Ní gbogbo àsìkò ìtàn yìí, owó orí ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè wọn ni. Òfin 1993 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin 2011 dá TETFund sílẹ̀ bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Òfin ìnáwó ti 2021 gbé e sí 2.5, ti 2023 sì gbé e sí 3. Owó kékeré kọ́. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́, lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i, lára rẹ̀ náà sì ni owó ìwádìí tó ń gba ọwọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan kọjá ti ń wá. Olùkọ́ á kọ ìwé béèrè, ìgbìmọ̀ ìwádìí yunifásítì á yẹ̀ ẹ́ wò, Àbújá á fọwọ́ sí i, owó á sì wọ àpò yunifásítì. Kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ìpín àkọ́kọ́ á wá, wọ́n á ná an, wọ́n á jábọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, kí ìpín kejì tó tẹ̀lé e.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ò ní rí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Owó ìwádìí, orúkọ olùkọ́ ló wà lórí rẹ̀. Owó tí wọ́n fi ń rán èèyàn lọ ka PhD, ẹni tó bá ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún. Owó àyálò NELFUND tí wọ́n ṣí ní 2024, àwọn tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́ja tó ń ṣe PhD, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kò bọ́ sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ìwádìí náà ló wà lọ́rùn rẹ̀: òun ló ń wọ ọkọ̀, òun ló ń la ẹja, òun ló ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní òru. Owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé, owó oúnjẹ, tirẹ̀ náà ni.

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá National Science Foundation sílẹ̀ ní 1950. Láti 1952 ni wọ́n ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìwádìí lórúkọ ara rẹ̀, tó lè gbé lọ sí yunifásítì tó bá gbà á. Ẹni tí kò bá sì rí ìyẹn gbà, owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ sábà máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti owó oṣù díẹ̀ fún un. Mi ò sọ pé kí a di Amẹ́ríkà. Ohun tí mò ń sọ ni pé níbẹ̀, wọ́n ka akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ohun tí ìwádìí ń ná wọn. Nínú ìwé béèrè tí Prọ́f kọ ní tiwa, iye tí ó kọ fún kẹ́míkà wà níbẹ̀, iye tí ó kọ fún epo ọkọ̀ wà níbẹ̀, iye tí ó kọ fún bébà wà níbẹ̀. Fún àbúrò mi, kò sí ìlà kankan.

Mi ò dá Prọ́f lẹ́bi. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un kò ní àyè tí yóò ti kọ ọ́. Kúlà tí wọ́n ń kó ẹja sí, àpò ara rẹ̀ ló ti rà á.

Wọ́n ti múra tán láti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2022. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́kọ̀ ti gbà, ìyá wa ti bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ ní ọjà Olúwo. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà gan-an ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Àwọn olùkọ́ ní ẹjọ́ tí wọ́n ń bá ìjọba rò, kì í ṣe ẹjọ́ kékeré, owó ìwádìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n láàbù tì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ wà nínú láàbù, formalin tí wọ́n fi ń pa ẹja mọ́ wà nínú láàbù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n fagi lé e ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Iyọ̀ ti wọlé, iyọ̀ ti jáde, òjò ti rọ̀ tán lórí gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi lo oṣù mẹ́jọ yẹn láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní lẹ́sìn nílé, owó yẹn ló sì fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kejì. Yunifásítì kò dín kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ìparí 2022, ìpín àkọ́kọ́ owó náà wọlé. Inú wa dùn. Ó ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo iyọ̀ ti ara rẹ̀: èèyàn á kán omi sí ojú gíláàsì rẹ̀, á gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀, á wo ibi tí ìlà dúdú dé. Oṣù kejì 2023 ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó ń yanṣẹ́ lódì mọ́.

Owó tuntun ló wá dé. Báńkì àpapọ̀ ti yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà láti oṣù kejìlá 2022, wọ́n sì fi ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì 2023 ṣe òpin fún ti àtijọ́. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lásìkò yẹn kò nílò kí n ṣàlàyé. Owó ìwádìí wà nínú báńkì, a rí i lórí fóònù, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Epo bẹntiróòlù náà tún wọ́n. Àbúrò mi lọ bá Bàbá ọlọ́kọ̀ ní etí omi, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo lè fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín báyìí-báyìí."

Bàbá ní, "Dókítà, ọmọ mi, ta ló máa ta epo fún mi torí àlẹ́ẹ̀tì? Ẹlẹ́po ń béèrè kéèṣì."

Dókítà ni wọ́n ń pè é láti ìgbà tó ti ń ka oyè àkọ́kọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ìwádìí náà ti yè. Ní ọjà Olúwo, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kì í kàn ra ẹja lọ́wọ́ apẹja. Àwọn ni wọ́n ń yá a lówó tí yóò fi ra àwọ̀n, tí yóò fi tún ínjìnnì ṣe. Bó bá pẹja, ọ̀dọ̀ ẹni tó yá a lówó ni yóò kọ́kọ́ gbé e wá, wọ́n á sì máa yọ gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá ọlọ́kọ̀ jẹ ìyá wa ní gbèsè àwọ̀n. Ìyá wa kò bá a jiyàn lórí àlẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbé ọmọ yìí lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó àwọ̀n." Ó tún bá obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń ta epo sọ̀rọ̀, ìyẹn sì gba ẹja dípò owó. Bí wọ́n ṣe rí oṣù kejì 2023 mú nìyẹn. Kéèṣì tí ó tọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nínú gbogbo rẹ̀ kò tó nǹkan.

Mo bá wọn wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí àwọ̀n ṣe ń gòkè ni ó ń yọ ọ̀bọ̀kún kúrò lójú àwọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ó bá gún èèyàn, ọwọ́ á wú. Ó wọn gígùn rẹ̀, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó fi ọ̀bẹ kékeré la ikùn rẹ̀, ó wo ẹyin. Èyí tí ẹyin rẹ̀ ti tóbi, ó fi àmì sí i. Ó gé ẹran díẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀yìn, ó dì í sínú ọ̀rá, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó sọ ọ́ sínú yìnyín. Ẹran yẹn ni wọn yóò fi wá òjé. Ìyókù ẹja, ìyá wa ló gbà á lówó ọjà, torí kò sí ìlà tí wọ́n kọ "owó ẹja" sí tó lè ká iye tí ọ̀bọ̀kún ń lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 2023 pé kí àwọn owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó, nǹkan sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ó kù kí wọ́n jábọ̀ ìpín àkọ́kọ́.

Ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó, wọ́n da ìwé náà padà. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ níwájú mi. Ní ẹ̀gbẹ́ owó ọkọ̀, wọ́n fi báírò pupa kọ ọ́ pé kò sí rìsíìtì. Rìsíìtì wà: bébà ìwé ẹ̀kọ́ ni, àbúrò mi kọ ọjọ́ àti iye sí i, Bàbá tẹ ìka rẹ̀ sí abẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ àti àdírẹ́ẹ̀sì. Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ wo ló ní ìyẹn? Ẹnì kan gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ ra rìsíìtì lọ́wọ́ onítẹ̀wé kan tó máa ń ṣe é. Àbúrò mi kọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun jẹ́ láti kọ ohun tí òun rí, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé irọ́. Mo gbóríyìn fún un, mo sì tún ń gbóríyìn fún un báyìí, torí ìkọ̀ yẹn ná an ní ọ̀pọ̀ oṣù.

Láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni nǹkan mìíràn wá ṣẹlẹ̀ sí owó náà níbi tó wà. Nígbà tí Prọ́f ń kọ ìwé béèrè, iye tí ìjọba ń ta bẹntiróòlù kò ju ₦165 lọ fún lítà kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, NNPC ń tà á ní ₦488 ní Èkó. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 fò kọjá ₦700. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń wá òjé, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Láàbù aládàáni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹja kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún fi kún un. Iye náírà tí Àbújá fọwọ́ sí kò yí padà.

Prọ́f pè é sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, jókòó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òjé yìí ló gbé ọ wọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá dì í mú, o ò ní parí."

Ó ní, "Sà, ọ̀rọ̀ òjé ni àwọn obìnrin ọjà ń bi mí."

Prọ́f ní òun mọ̀. Wọ́n yọ ọ́. PhD náà di ọ̀rọ̀ ẹyin àti iyọ̀ nìkan, ó sì di ọ̀rọ̀ ibì kan ṣoṣo nínú ọ̀sà dípò àwọn ibi tí wọ́n ti là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àìsí owó ń dá ìwádìí dúró. Nínú ti àbúrò mi, kò dá a dúró. Ó yan ìbéèrè tí wọn kò ní béèrè mọ́. Ẹni tó bá ka ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lónìí yóò rí iṣẹ́ tó dára, yóò sì rò pé kò sẹ́ni tó bìkítà nípa òjé ní Ẹ̀pẹ́. Ibi tí ìbéèrè yẹn kú sí kò sí nínú ìwé àpilẹ̀kọ kankan. Inú ìwé ìnáwó ló wà.

Kò da àwọn ẹran ẹja tó wà nínú ọ̀rá nù. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín gbà á láàyè nínú kóòdù-rúùmù rẹ̀, àbúrò mi sì ń dá owó dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì parí lọ́nà tí kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò ìjọba, tó ń gbé ládùúgbò wa, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó sì ya á lẹ́nu. Ó ní fọ́ọ̀mù kan ti wà láti ayébáyé tí wọ́n ń pè ní honour certificate, fún owó tí wọ́n san fún ẹni tí kò lè ní rìsíìtì: ọlọ́kọ̀, alárù, ẹlẹ́ja. Ẹni tó ná owó náà á jẹ́rìí lórí rẹ̀ pé òun ná an, ọ̀gá rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i. Prọ́f kò mọ̀. Ọ́fíìsì tó kọ báírò pupa kò sọ. Àbúrò mi kọ fọ́ọ̀mù náà fún gbogbo ìrìn ọkọ̀, alága ẹgbẹ́ apẹja sì fi lẹ́tà gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbà á. Ìpín kejì wọlé ní 2024, lẹ́yìn tí oṣù kejì ọdún náà ti kọjá. Owó ti ara rẹ̀ ló fi ṣe ti 2024, pẹ̀lú àwìn Bàbá.

Ó parí, ó sì yege. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kan. Láti oṣù tó wọlé, owó tí wọ́n fi ń rán olùkọ́ lọ ka PhD ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ó ti ní PhD. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kò rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, méjì nínú wọn tí mo mọ̀ ti fi ìwé sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan ń ṣe POS ní Ìkòròdú. Ìjọba Èkó sì sọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa di yunifásítì ní 2022, Pólì Ìkòròdú di LASUSTECH, kọ́lẹ́ẹ̀jì Nóforíjà níbí àti ti Ìjànikin di LASUED. Yunifásítì yóò ní akẹ́kọ̀ọ́ PhD. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ mọ ohun tí ti àbúrò mi ná wa.

Ó ti kọ ìwé béèrè owó ìwádìí tirẹ̀ báyìí, lórí òjé. Mo bá a ka á kó tó fi sílẹ̀. Ó kọ ìlà kan fún owó ilé-ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá a ṣe é, ó sì fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn pé bí fọ́ọ̀mù kò bá ní àyè rẹ̀, kí wọ́n fi àyè sí i. Ó béèrè pé kí ìpín àkọ́kọ́ wọlé kí oṣù kejìlá tó parí. Ó lẹ honour certificate tí kò tíì kọ nǹkan sí mọ́ ọn, ó sì ní kí àwọn oníṣirò owó fọwọ́ sí i ṣáájú pé àwọn yóò gbà á. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kò tíì dá a lóhùn. Ìyá wa ti tún yá Bàbá lówó àwọ̀n.